Bìní sí Jíddà: Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó àti Iye Wákàtí Tó Ń Gbà

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ lórí àlùwàlá tàbí sàká. Ẹ̀kọ́ ìrìn-àjò ni. Bí àkókò Hájì àti Úmúrà bá ti ń sún mọ́, ìbéèrè kan ni ó máa ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: "Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ òfurufú ń lò dé Jíddà?" Ẹnì kan á ní wákàtí 5. Ẹlòmíràn á ní wákàtí 7. Ẹlòmíràn tó ti lọ tó sì bọ̀ á ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ogún wákàtí ni òun lò. Wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa sọ òótọ́, nítorí pé nǹkan tí oníkálukú ń kà yàtọ̀ sí ti èkejì.

Nǹkan mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkínní ni ìjìnnà ọ̀nà. Ìkejì ni wákàtí tí ọkọ̀ fi wà lófurufú. Ìkẹta ni ohun tí aago ń wí níbi tí a dé. Ìkẹrin ni gbogbo wákàtí ìrìn-àjò láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bìní títí dé ibùsùn ní Mọ́kà. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ lè pàdánù ìrun Àsùbáà lójú oorun, ó lè sun oorun kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti dá àníyàn Hájì, ó lè jẹ sààrì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. ÌJÌNNÀ Ọ̀NÀ

Ìjìnnà tí wọ́n máa ń kọ fún ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ti ojú títì. Ìjìnnà gbọnrangandan ni, láti pápákọ̀ kan sí èkejì, bí ẹni na okùn. Láti pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, Èkó, dé pápákọ̀ King Abdulaziz ní Jíddà, nǹkan bí 4,200 kìlómítà ni. Bí a bá fi máìlì ojú títì kà á, nǹkan bí 2,610 ni. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi tún ní máìlì tiwọn, tó gùn ju máìlì ojú títì lọ. Bí a bá fi tiwọn kà á, nǹkan bí 2,270 ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 4,200 nínú ìwé kan, tí ẹ rí 2,610 nínú òmíràn, tí ẹ tún rí 2,270 níbòmíràn, ẹ má sọ pé wọ́n ń purọ́. Ọ̀nà kan náà ni. Àwa tí à ń ta aṣọ lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹni tó fi yáàdì wọn ìdì aṣọ kan àti ẹni tó fi mítà wọ̀n ọ́n kò ní rí iye kan náà, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà kò gùn, kò sì kúrú.

Báwo ni a ṣe ń na okùn lórí ayé tó rí róbótó? Ẹ mú ọsàn ńlá kan tàbí bọ́ọ̀lù ọmọdé. Ẹ sàmì sí ibì kan pé Èkó nìyí, ẹ sàmì sí ibòmíràn pé Jíddà nìyí. Ẹ wá na òwú láàrin méjèèjì kí ó le dáadáa. Ibi tí òwú náà gbà kọjá, òun ni ọ̀nà tó kúrú jù. Bí ẹ bá wá wo ọ̀nà yìí lórí máàpù tí a tẹ́ sórí tábìlì, yóò dà bí ẹni pé ó tẹ̀ díẹ̀. Máàpù ni ó tẹ́ ohun tó rí róbótó. Òwú kò ní ẹ̀bi.

Ohun tó yẹ kí á kíyè sí ni ibi tí okùn yìí gbà. Bí ó bá kúrò ní Èkó, apá àríwá òun ìlà-oòrùn ló dorí kọ. Yóò gba apá Àkókó àti Kàbbà, yóò kọjá lókè àárín gbùngbùn ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé ìtòsí Màídúgùrì, yóò gba ìtòsí N'Djamena tí í ṣe olú-ìlú Chad, yóò la ilẹ̀ Chad àti àríwá Sudan já, yóò fo Òkun Pupa, yóò sì balẹ̀ ní Jíddà. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn bàbá wa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín. Kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Hájì láti ìhà tiwa yìí máa ń gba ilẹ̀ Haúsá, Bọ̀rnú, Chad àti Sudan, wọn á sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí Òkun Pupa kọjá sí Jíddà. Ọ̀pọ̀ ń lo ọdún mélòó kan lọ́nà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń dáko, wọ́n ń kọ́ni ní kéú kí wọ́n tó lè máa bá ọ̀nà lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ padà mọ́. Ọmọ ọmọ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó tẹ̀dó báyìí ṣì wà ní Sudan títí di òní. Ọ̀nà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ̀ kò jìnnà sí ibi tí okùn wa gbà. Ohun tó gba ọdún lọ́wọ́ wọn ni à ń fi òru kan ṣe lónìí.

Okùn yìí kan náà ló ń fi gábàsì hàn wá. Láti Bìní, Mọ́kà kò sí ní ìlà-oòrùn gan-an. Ó yà sí apá àríwá pẹ̀lú nǹkan bí dìgírì 28. Ìdí nìyí tí a kò fi kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ gangan bí a bá ń kírun.

2. ẸNU Ọ̀NÀ WO NI Ó SÚN MỌ́ WA JÙ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé láti Bìní, Èkó ni ẹnu ọ̀nà sí òkè òkun. Òótọ́ ni pé àwọn ará àti ẹbí wa pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà Òrè sì ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi okùn wa léèrè.

Bí ọkọ̀ bá lè gbéra láti pápákọ̀ Bìní tó wà ní Airport Road yìí lọ tààrà sí Jíddà, nǹkan bí 3,990 kìlómítà ni ọ̀nà náà ì bá jẹ́. Ìyẹn ni pé Bìní sún mọ́ Jíddà ju Èkó lọ pẹ̀lú 200 kìlómítà ó lé. Bí a bá wá lọ sí Èkó láti lọ wọ ọkọ̀, ẹ̀yìn ni à ń rìn: a rin nǹkan bí 250 kìlómítà lófurufú sí ìwọ̀-oòrùn, kí á tó wá yí padà sí ìlà-oòrùn. Lórí ilẹ̀, ó ju 300 kìlómítà lọ.

Ẹ wo ìṣirò yìí, gbogbo rẹ̀ ni ìjìnnà gbọnrangandan:

Èkó sí Jíddà: nǹkan bí 4,200 kìlómítà.
Àbújá sí Jíddà: nǹkan bí 3,690 kìlómítà.
Kánò sí Jíddà: nǹkan bí 3,420 kìlómítà.
Bìní sí Èkó: nǹkan bí 250 kìlómítà.
Bìní sí Àbújá: nǹkan bí 350 kìlómítà.

Ẹni tó gba Èkó lọ yóò rin 250 àti 4,200, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,450. Ẹni tó gba Àbújá lọ yóò rin 350 àti 3,690, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,040. Ọ̀nà Àbújá fi nǹkan bí 400 kìlómítà kúrú ju ti Èkó lọ, nítorí pé Àbújá wà lójú ọ̀nà, Èkó sì wà lẹ́yìn wa. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba Èkó o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra, ewu ojú títì àti ẹni tí yóò gbà wá sílé mọ́jú, gbogbo rẹ̀ ni a máa ń gbé yẹ̀ wò. Ohun tí a ń wí ni pé kí á bèèrè iye ọ̀nà méjèèjì kí á tó sanwó, kí ó má jẹ́ pé àṣà nìkan ló ń tì wá lọ.

3. WÁKÀTÍ TÍ ỌKỌ̀ FI Ń WÀ LÓFURUFÚ

Ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń sá nǹkan bí 850 kìlómítà ní wákàtí kan bí ó bá ti dé òkè tán. Ẹ pín 4,200 sí ọ̀nà 850. Ohun tí ẹ ó rí kò pé 5 tán, ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fi eré yìí bẹ̀rẹ̀. Yóò rìn lórí ilẹ̀ lọ sí ibi tí yóò ti gbéra, yóò rọra gun òkè, bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó dé, yóò dín eré kù láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kún un fún èyí. Nítorí náà, láti Èkó sí Jíddà láìdúró níbì kankan, wákàtí 5 àti ààbọ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn, díẹ̀ lókè tàbí díẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló ń mú kí ó lé tàbí kí ó dín? Nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀. Bí ó bá ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ á yá. Bí ó bá ń kọjú sí i, ọkọ̀ á pẹ́. Ìdí nìyí tí àlọ àti àbọ̀ lójú ọ̀nà kan náà kì í fi í dọ́gba.

Èkejì ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan, wọ́n sì ti òfurufú ilẹ̀ náà pa. Hájì ọdún náà ti sún mọ́lé, àwọn ọkọ̀ tó ń kó àwọn èrò Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Sọ́díà kò lè gba orí Sudan mọ́. Wọ́n ní láti gba ibòmíràn yí i po, wákàtí lé, owó epo sì lé. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wo irú ìyípo bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gba Èkó lọ sí Addis Ababa ní Ethiopia, nǹkan bí 3,920 kìlómítà ni. Láti Addis Ababa sí Jíddà, nǹkan bí 1,410. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,330. Ó ti fi 1,130 kìlómítà jìn ju ọ̀nà tààrà lọ, èyí tó tó wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, kódà bí ọkọ̀ kò bá tilẹ̀ balẹ̀ ní Addis Ababa. Ẹni tó sọ pé wákàtí 7 ni òun lò kò purọ́.

Ẹ̀kẹta ni ojú ọjọ́. Ọkọ̀ kì í gbé epo tó bá ọ̀nà mu nìkan. Ó gbọ́dọ̀ gbé èyí tí yóò fi dé pápákọ̀ mìíràn bí ibi tó ń lọ kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kíní ọdún 1973, ọkọ̀ Boeing 707 kan ń kó àwọn Àlàájì wa bọ̀ láti Jíddà sí Èkó. Ojú ọjọ́ Èkó kò dára, wọ́n sì yí lọ sí Kánò. Níbi tí wọ́n ti ń balẹ̀ ní Kánò ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí 176 sì lọ sí i. Kí Ọlọ́hun kẹ́ gbogbo wọn. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, nítorí pé ìrìn-àjò òfurufú ti ní àbò púpọ̀ ju ti ìgbà náà lọ. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé bí awakọ̀ bá kéde pé ojú ọjọ́ kò dára, pé a ó dúró tàbí a ó yà síbòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má dìde máa pariwo pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ̀mí ṣáájú aago.

4. OHUN TÍ AAGO Ń WÍ NÍBI TÍ A DÉ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Ayé ń yí bìrìpó ní ẹ̀ẹ̀kan láàrin wákàtí 24. Dìgírì 360 ni ó ń yí, nítorí náà dìgírì 15 ni fún wákàtí kan, dìgírì 1 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Ibi tó bá wà ní ìlà-oòrùn ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ là sí. Jíddà fi nǹkan bí dìgírì 36 wà ní ìlà-oòrùn Èkó. Nítorí náà aago ilẹ̀ Sọ́díà fi wákàtí 2 ṣáájú ti Nàìjíríà. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán ní aago 1 níhìn-ín, aago 3 ni lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó pé ìyá wa kan gbéra ní Èkó ní aago 10 alẹ́. Ó fò fún wákàtí 5 àti ààbọ̀. Ní aago tiwa, aago 3 ààbọ̀ òru ni ó balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe ilé, tó sọ pé, "Aago 5 ààbọ̀ ni mo dé," àwọn ọmọ rẹ̀ á kà á pé wákàtí 7 àti ààbọ̀ ni ó lò, ọkàn wọn ò ní balẹ̀, wọn á máa bèèrè ohun tó ṣe ọkọ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Nígbà àbọ̀, bí ó bá gbéra ní Jíddà ní aago 2 ọ̀sán, tó sì lo wákàtí 5 àti ààbọ̀, yóò balẹ̀ ní Èkó ní aago 5 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tiwa. Wọn á ní wákàtí 3 àti ààbọ̀ péré ni. Ọkọ̀ kò sáré ju ti àlọ lọ. Aago ló yàtọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ òtítọ́ ni pé kí á kọ́kọ́ yí aago méjèèjì sí ti ilẹ̀ kan ṣoṣo kí á tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ẹ má sì rò pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni aago ṣe ń yàtọ̀ tó. Ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù. Láti Èkó dé pápákọ̀ Heathrow jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ó jìn ju Jíddà lọ, ó sì ń gba wákàtí 6 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Síbẹ̀, láàrin òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Ní àkókò òtútù wọn, wákàtí 1 péré ni tiwọn fi gbẹ́yìn. Ìdí ni pé àríwá ni Lọ́ńdọ̀nù wà sí wa, kò sí ní ìlà-oòrùn. Rírìn sí àríwá tàbí gúúsù kì í yí aago. Rírìn sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ló ń yí i.

Ẹ̀yin tí kò ì tíì ní ìrìn-àjò lọ́kàn, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bìní fi dìgírì 2 ó lé díẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn Èkó. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú: nǹkan bí 9 ni. Aago ọwọ́ wa àti tiwọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n oòrùn ń là, ó sì ń wọ̀ ní Bìní kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 9. Nítorí náà, ẹni tó bá gba àtẹ ààwẹ̀ láti Èkó, tó sì fi ń jẹ sààrì ní Bìní láìyọ nǹkan kan kúrò, ó lè máa jẹun lọ́wọ́ nígbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là ní ìlú tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń dúró de ìpè Màgàríbì ti rédíò Èkó kí ó tó ṣínu, ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 9 láìnídìí. Àtẹ tí wọ́n ṣe fún Bìní ni kí á máa lò ní Bìní.

5. ÌRUN, ÀÀWẸ̀ ÀTI AṢỌ HÁRÁMÌ LÓFURUFÚ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá wa tó gbéra ní aago 10 alẹ́. Ká ní oṣù kẹfà ni. Bí ó bá ń wo aago tó gbé wá láti Bìní, yóò rò pé Àsùbáà ṣì jìnnà, pé ó di aago 5 ó lé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré lọ pàdé oòrùn. Ní nǹkan bí aago 3 òru ti Nàìjíríà, bí ó ti ń sún mọ́ Òkun Pupa, ilẹ̀ yóò ti máa mọ́ lójú fèrèsé ọkọ̀. Àkókò Àsùbáà ti wọlé nìyẹn. Bí ó bá sùn títí tí ọkọ̀ fi balẹ̀, tó tún tò síbi tí wọ́n ti ń wo páásípọ́ọ̀tù, oòrùn á ti yọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí yóò ti ṣe àlùwàlá sílẹ̀, yóò sì sọ fún ẹni tó jókòó tì í kí ó jí òun. Bí àyè bá wà láti dìde kírun, kí ó dìde. Bí kò bá sí, kí ó ṣe é bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ní ti gábàsì, ẹ rántí okùn wa: bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà tààrà lọ sí Jíddà, iwájú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí gábàsì ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà àbọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni.

Ní ti dídín ìrun kù, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fi ìjìnnà rẹ̀ sí nǹkan bí 80 kìlómítà. Ẹni tó kúrò ní Bìní sí Èkó ti kọjá èyí kí ó tó dé Òrè. Kò dìgbà tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú kí ó tó di arìnrìn-àjò.

Ní ti ààwẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, ọjọ́ rẹ̀ á kúrú. Ẹni tó bá ń bọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ọjọ́ rẹ̀ á gùn. Ọlọ́hun ti ṣe ìdẹ̀rùn fún arìnrìn-àjò láti sinmi ààwẹ̀ kí ó sì san án padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn láti gbà á, oòrùn tí ojú rẹ̀ ń rí níbi tó wà ni kí ó fi ṣínu. Ẹni tó gbéra ní Jíddà ní aago 2 ọ̀sán tí à ń wí lẹ́ẹ̀kan, àkókò Màgàríbì Jíddà á ti wọlé kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé Èkó, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé tirẹ̀. Bí ó bá ṣínu nípa aago Jíddà, ojúmọmọ ló ṣínu.

Ní ti aṣọ hárámì, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti la àwọn ibi tí à ń pè ní mìkáàtì sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ tààrà sí Mọ́kà gbọ́dọ̀ ti wọ hárámì kí ó tó kọjá ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ibi tí ẹni tó gba òfurufú wá yóò ti ṣe é, nítorí náà kí olúkúlùkù bi áfáà ìkọ̀ rẹ̀ léèrè kí wọ́n tó gbéra. Ohun tí ìṣirò fi kún un ni èyí: 850 kìlómítà ní wákàtí kan jẹ́ kìlómítà 14 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá tòògbé fún ìṣẹ́jú 10 ti rin 140 kìlómítà. Bí awakọ̀ bá kéde mìkáàtì, kò sí àyè láti máa wá àpò kiri. Ẹ má ṣe fi aṣọ hárámì sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wọ̀ ọ́ láti ilé tàbí láti pápákọ̀, kí ó ku àníyàn nìkan.

6. GBOGBO WÁKÀTÍ ÌRÌN-ÀJÒ

Ẹ wá jẹ́ kí á kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé. Bìní sí Ìkẹjà ní ojú títì, bí ọ̀nà bá dára, wákàtí 6. Dídúró ní pápákọ̀ fún ẹrù àti ìwé, wákàtí 4. Òfurufú, wákàtí 5 àti ààbọ̀. Páásípọ́ọ̀tù àti ẹrù ní Jíddà, wákàtí 2 àti ààbọ̀. Jíddà sí Mọ́kà nínú bọ́ọ̀sì, wákàtí 1 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 19 àti ààbọ̀. Ẹni tó ní ogún wákàtí kò purọ́, ẹni tó ní 5 náà kò purọ́. Ti òfurufú kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Èyí tó kù, orí ilẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rán bàbá tàbí ìyá yín lọ, wákàtí 20 ni kí ẹ fi ṣètò, ẹ má fi 5 ṣe é. Bí àgbàlagbà bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ bi dókítà rẹ̀ ṣáájú bí yóò ṣe lò ó nígbà tí aago bá yí, kí oògùn náà sì wà nínú àpò ọwọ́. Kí ó máa mu omi, kí ó máa dìde na ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ má ṣe sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ má bèèrè ìbéèrè márùn-ún yìí. Ṣé ọkọ̀ yìí yóò balẹ̀ níbì kankan kí ó tó dé? Bí ó bá balẹ̀, wákàtí mélòó ni a ó dúró? Ṣé ọkọ̀ kan náà ni, àbí a ó bọ́ sínú òmíràn? Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, àbí méjì tí wọ́n so pọ̀? Aago ilẹ̀ wo ni wọ́n kọ sí i? Ẹ rántí pé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní "dáírẹ́ẹ̀tì" lè ṣì balẹ̀ lọ́nà kí ó sì tún gbéra. Ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni, "Ṣé a kò ní balẹ̀ rárá?" Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, iṣẹ́ tiyín nìyí, ẹ mú ìdáhùn wá: (a) Bí ọkọ̀ bá ń sá 850 kìlómítà ní wákàtí kan, tí Àbújá sí Jíddà sì jẹ́ 3,690, wákàtí mélòó ni, láìka gígùn òkè àti sísọ̀ kalẹ̀? (b) Bí aago bá lu 9 àárọ̀ ní Jíddà, kí ni ó ń wí ní Bìní? (d) Kí ló dé tí Lọ́ńdọ̀nù jìn ju Jíddà lọ, tí aago rẹ̀ sì sún mọ́ tiwa jù? (e) Bí oòrùn bá wọ̀ ní Bìní ní aago 6:30, nígbà wo ni yóò wọ̀ ní Èkó?

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí á fi ojú wa rí Ilé Rẹ̀, kí ó mú àwọn tó ń lọ dé ibẹ̀ ní àlàáfíà, kí ó sì mú wọn padà wá bá wa ní Bìní pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.